Ọ̀rọ̀ Palẹ́sítínì: Ibi Tó Yẹ Kí Alálàyé Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè mẹ́rin ló sábà máa ń jáde tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Palẹ́sítínì láàárín àwọn tí kò tọpinpin ọ̀rọ̀ náà rí. Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló fún Ísírẹ́lì ní ilẹ̀ yẹn ni? Ṣé kì í ṣe ìjà Mùsùlùmí àti Júù ni, kí ló kan ẹlòmíì níbẹ̀? Ṣebí Hamas ló dá a sílẹ̀ ní 2023? Bí ilẹ̀ Lárúbáwá sì ṣe fẹ̀ tó yìí, kí ló dé tí wọn ò kó lọ síbòmíì?

Ẹni tó fẹ́ràn Palẹ́sítínì á gbọ́ irú ìbéèrè báyìí, inú á bí i. Kí a tó pajú pé, ó ti gbóhùn sókè, ó ti pe ẹni tó bi í ní ọ̀dájú. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tó béèrè ò mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ó kàn wá gbà pé oníjàngbọ̀n ni gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Palẹ́sítínì.

Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ìdáhùn. Ìdáhùn wọn wà nínú ohun mẹ́ta: ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ọdún tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀. Alálàyé tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, tí kò sì fi èyí tó dun ẹgbẹ́ tirẹ̀ pamọ́, á rí ẹni gbọ́ tirẹ̀.

Ta ni olùgbọ́?

Àwọn tí kò mọ̀ ò rí bákan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ò gbọ́ àlàyé rẹ̀ rí: orúkọ Gaza ò ṣàjèjì sí i lórí rédíò, àmọ́ kò lè fìka tọ́ ọ lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹnì kejì gbọ́, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti gbọ́ ọ, ì báà ṣe pásítọ̀, ì báà ṣe ààfáà, ì báà ṣe fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹnì kẹta ti pinnu nílé kó tó jáde. Ìjà ló bá wá. Alálàyé tí kò gbọ́n á fi ìrọ̀lẹ́ odindi jà pẹ̀lú ẹnì kẹta yìí, nígbà tí àwọn mẹ́wàá tó fẹ́ gbọ́ ti ń tòògbé. Bó bá tilẹ̀ máa dá a lóhùn, kó mọ̀ pé nítorí àwọn mẹ́wàá yẹn ni.

Láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ Kristẹni tó ń béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Palẹ́sítínì láìmọ̀, tàbí kó ní ẹbí tó ti tẹ̀ ẹ́. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní àjọ tó ń bójú tó ìrìn àjò mímọ́ àwọn Kristẹni, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì máa ń rán èèyàn lọ. Ẹni tó bá lọ tó bọ̀ a máa fi JP sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bí ẹni tó bọ̀ láti Mẹ́kà ṣe ń fi Àlájì síwájú tirẹ̀. Ara ibi tí wọ́n máa ń kó wọn dé ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ sórí ibi tí wọ́n gbà pé wọ́n ti bí Jésù wà. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ò sì sí nínú orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Ìlú Palẹ́sítínì ni, ní agbègbè ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì tí ìròyìn ń pè ní West Bank.

Láti Jerúsálẹ́mù dé ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá lọ. Lójú ọ̀nà, bọ́ọ̀sì á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọnkéré kan kọjá, ògiri tó ga tó mítà mẹ́jọ, tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Lápá ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ló kún ara rẹ̀. Arìnrìn-àjò tó mú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ á kọjá. Ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ì báà jẹ́ Kristẹni, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, ní láti gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ológun Ísírẹ́lì kó tó lè lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù tó ń wò lókèèrè.

Kí alálàyé má ṣe dákẹ́ síbẹ̀. Ọdún 2002 ni Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri náà, lásìkò tí àwọn ọmọ Palẹ́sítínì kan ń so bọ́ǹbù mọ́ra wọ inú bọ́ọ̀sì àti ilé oúnjẹ lọ, tí ọ̀pọ̀ aráàlú Ísírẹ́lì sì ń kú. Ìjọba Ísírẹ́lì ní ògiri náà ló dín ikú wọ̀nyẹn kù. Ní 2004, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague sọ èrò rẹ̀ pé ibi tí ògiri náà bá ti wọ inú ilẹ̀ Palẹ́sítínì, ó tẹ òfin lójú. Olùgbọ́ tó bá gbọ́ méjèèjì á mọ̀ pé wọn ò fẹ́ tan òun.

Àgbélébùú igi ólífì tí JP rà bọ̀ wá fún màmá rẹ̀ ní Ìbàdàn ńkọ́? Iṣẹ́ ìdílé ni igi ólífì gbígbẹ́ láàárín àwọn Kristẹni Palẹ́sítínì ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Beit Sahour tó wà nítòsí rẹ̀. Ibi tí ìbéèrè kejì ti ń tú nìyẹn. Edward Said, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ni ní yunifásítì Columbia ní New York títí tó fi kú, ìdílé Kristẹni ni wọ́n bí i sí ní Jerúsálẹ́mù ní 1935. Kristẹni ni Hanan Ashrawi tó jẹ́ agbẹnusọ fún Palẹ́sítínì níbi ìpàdé àlàáfíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i. Nínú Gaza fúnra rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni Póòpù Francis ń tẹ̀ láago ní alaalẹ́ nígbà ogun, títí dìgbà tó ku díẹ̀ kó kú ní 2025.

Ìjọba kì í ṣe Bíbélì

Ìbéèrè nípa ilẹ̀ ìlérí ló máa ń dá alálàyé dúró jù, pàápàá tí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ́ Mùsùlùmí. Kò yẹ kó bá olùgbọ́ jà lórí ẹsẹ Bíbélì; ilé ìgbàgbọ́ ẹlòmíì ni, kò sì lè borí níbẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé mímọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1948 ni David Ben-Gurion kéde ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ní Tel Aviv. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ ni kì í ṣe ẹlẹ́sìn rárá. Nínú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún jẹ́ Lárúbáwá. Láàárín àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin jù, a rí ẹgbẹ́ bíi Neturei Karta tí kò gbà pé ó yẹ kí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ wà kí Mèsáyà tó dé.

Orílẹ̀-èdè tó ní ààrẹ, tó ní owó-orí, tó ní sọ́jà, a lè yẹ ìwà rẹ̀ wò. Bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba Abuja láì kórìíra ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe lè bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba Ísírẹ́lì láì kórìíra Júù. B'Tselem, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dá sílẹ̀ ní 1989, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí kíkọ ohun tí ológun orílẹ̀-èdè tiwọn ń ṣe ní West Bank àti Gaza sílẹ̀. Alálàyé tó bá gbọ́ tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń bú Júù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ní láti dá a lẹ́kun níṣojú gbogbo èèyàn. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, olùgbọ́ ò ní rántí ohunkóhun mìíràn tó sọ.

Ọdún mélòó kan, ní títò

Ìbéèrè kẹta bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní 2023. Kò pọn dandan kí alálàyé padà sí ìgbà Ábúráhámù. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ ti tó.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1917, Arthur Balfour tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà kúkúrú kan sí Lord Rothschild. Ó ní ìjọba òun á ran àwọn Júù lọ́wọ́ láti ní ilé ní Palẹ́sítínì, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ẹ̀tọ́ àwọn tí kì í ṣe Júù tó wà níbẹ̀ lójú. Nígbà tó ń kọ ọ́, ìjọba Ottoman ti Tọ́kì tó ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin ló ṣì ni ilẹ̀ náà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá ka èèyàn ní 1922, Júù jẹ́ nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn Lárúbáwá tó pọ̀ jù, tí lẹ́tà náà ò dárúkọ, ò sí nídìí tábìlì tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 1922, League of Nations, àjọ tó ṣáájú UN, fi òǹtẹ̀ lu ìṣàkóso Gẹ̀ẹ́sì lórí Palẹ́sítínì. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí i kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Tógò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì. Báyìí ni Atakpamé, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń jẹ́ Ifẹ̀ tàbí Ana ń gbé, ṣe bọ́ sábẹ́ Faransé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Tógò gba òmìnira ní 1960. Palẹ́sítínì ò gbà á.

Ìdí tí kò fi gbà á ò ṣeé sọ láìsọ ohun tó dé bá àwọn Júù ní Yúróòpù. Hitler àti àwọn èèyàn rẹ̀ pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń sá. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Palẹ́sítínì tí kò lè sọ èyí dáadáa, pẹ̀lú àánú, ò tíì yẹ lẹ́ni tó ń gba gbohùngbohùn.

Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1947 ni UN dìbò pé kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì. Orílẹ̀-èdè 33 gbà, 13 kọ̀, 10 ò dìbò. Júù tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùgbé gba ju ìdajì ilẹ̀ lọ. Àwọn aṣáájú Júù gbà á, àwọn Lárúbáwá kọ̀ ọ́. Nínú gbogbo Áfíríkà, Íjíbítì, Etiópíà, Làìbéríà àti South Africa nìkan ló ní àǹfààní àti dìbò níbẹ̀. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ṣì wà.

Ogun bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1948, àwọn jàǹdùkú ológun Júù pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní abúlé Deir Yassin. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Lárúbáwá kọlu àwọn ọkọ̀ tó ń gbé dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù Hadassah, Júù tó lé ní 70 sì kú. Nígbà tí Ben-Gurion kéde orílẹ̀-èdè, àwọn ológun Lárúbáwá láti orílẹ̀-èdè tó yí i ká wọlé. Kí ogun tó parí, nǹkan bíi 700,000 ọmọ Palẹ́sítínì ti di ogúnléndé, ó lé ní 400 abúlé tó ti dahoro, Ísírẹ́lì sì ti ní ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà. Nakba, ìyẹn àjálù, ni àwọn ọmọ Palẹ́sítínì ń pè é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1948, UN ní kí àwọn tó bá fẹ́ padà sílé, tí wọ́n á sì bá aládùúgbò gbé ní àlàáfíà, padà. Wọn ò padà.

Ìdáhùn ìbéèrè kẹrin wà níhìn-ín. Jọ́dánì sọ ọ̀pọ̀ wọn di ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Lẹ́bánónì ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi òfin dè wọ́n lórí oríṣiríṣi iṣẹ́. Olùgbọ́ lè fẹ̀sùn kan àwọn ìjọba Lárúbáwá, ó sì láre. Àmọ́ ẹni tí wọ́n lé nílé ní Jaffa ò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ilé náà nítorí pé Lárúbáwá mìíràn ní ilẹ̀. Kí alálàyé fi kún un pé ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, nǹkan bíi 800,000 Júù ló kúrò ní Ìráàkì, Yemen, Mòrókò àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mìíràn, tí wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí tí ayé nira fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ísírẹ́lì lónìí jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1967, láàárín ọjọ́ mẹ́fà, Ísírẹ́lì gba West Bank, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù àti Gaza. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ́ ibùdó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní West Bank. Ní báyìí, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ló ń gbé níbẹ̀, láì ka ti ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù mọ́ ọn. Ohun kan wà tó máa ń yé olùgbọ́ kíákíá. Bí ọmọkùnrin méjì bá sọ òkúta lórí òkè kan náà, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ abúlé Palẹ́sítínì, tí èkejì jẹ́ ọmọ ibùdó Ísírẹ́lì, ilé-ẹjọ́ ológun ni wọ́n á gbé ti àkọ́kọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ aráàlú ni ti èkejì. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé sọ pé wíwà Ísírẹ́lì lórí ilẹ̀ tó gbà ní 1967 lòdì sí òfin, àti pé kó kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Ìrètí wà nígbà kan. Ní 1993, Yitzhak Rabin tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì àti Yasser Arafat tó jẹ́ aṣáájú àwọn ọmọ Palẹ́sítínì bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí àdéhùn àlàáfíà níwájú Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Washington. Hamas, ẹgbẹ́ Palẹ́sítínì tó ta ko àdéhùn náà, fi bọ́ǹbù dá a rú, àwọn ibùdó Ísírẹ́lì sì ń pọ̀ sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995, Júù kan tó kórìíra àdéhùn náà yìnbọn pa Rabin.

Ikú méjì

Nígbà tó bá kan ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, alálàyé tó bá ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta kò ó. Hamas àti àwọn tó bá a lọ pa nǹkan bíi 1,200 èèyàn, aráàlú ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì kó nǹkan bíi 250 lọ sí Gaza. Kò sí ọ̀rọ̀ "ṣùgbọ́n" tó yẹ kó tẹ̀ lé gbólóhùn yẹn lójú ẹsẹ̀.

Ara àwọn tí wọ́n pa ni Vivian Silver, ọmọ ọdún 74, tí wọ́n bí ní Kánádà, tó ń gbé ní Be'eri lẹ́bàá Gaza. Ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Women Wage Peace sílẹ̀ ni. Ó máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn aláìsàn tó bá ti Gaza wá lọ sí ọsibítù Ísírẹ́lì. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pa á, ó wà níbi ìwọ́de tí obìnrin Ísírẹ́lì àti obìnrin Palẹ́sítínì jọ ṣe nítorí àlàáfíà.

Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ṣáájú, ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìbọn ba Shireen Abu Akleh, akọ̀ròyìn Al Jazeera, ní Jenin ní West Bank. Ọmọ Palẹ́sítínì tó tún jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni, Kátólíìkì sì ni. Akoto wà lórí rẹ̀, ẹ̀wù tí wọ́n kọ PRESS sí wà lára rẹ̀. Ísírẹ́lì kọ́kọ́ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbọn ọmọ Palẹ́sítínì. Ní oṣù Kẹsàn-án, ológun rẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ọta sọ́jà òun ló ṣèèṣì bà á. Wọn ò pe sọ́jà kankan lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọlọ́pàá Ísírẹ́lì fi kóńdó lu àwọn tó gbé pósí jáde nílé ìwòsàn ní Jerúsálẹ́mù. Pósí náà yẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sílẹ̀, àwọn tó gbé e ò sì jẹ́ kó bọ́. Gbogbo ayé ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n.

Alálàyé tó bá sọ ìtàn méjèèjì, ní ìwọ̀n kan náà, kò sọ pé ìwọ̀n ìyà kan náà ló ń jẹ àwọn méjèèjì. Àwọn iye ni yóò fi ìyẹn hàn.

Iye, àwòrán, orúkọ

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Keje ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìlera ní Gaza ti ka òkú tó ju 60,000 lọ. Abẹ́ Hamas ni iléeṣẹ́ náà wà, kì í sì í ya ajagun sọ́tọ̀ kúrò lára aráàlú; ó yẹ kí olùgbọ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu alálàyé fúnra rẹ̀. Kó sì gbọ́ pẹ̀lú pé ní àwọn ogun tó ti kọjá, iye tí UN kà lẹ́yìn rẹ̀ ò jìnnà sí tiwọn. Gbogbo ilẹ̀ Gaza ò ju kìlómítà 365 níbùú lóròó lọ, èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló sì ń gbé ibẹ̀. Ìdádúró ogun kan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Àwòrán le ju iye lọ. Ní 2023, fídíò eré kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Arma 3 kárí ayé, wọ́n ní ogun Gaza ni. Àwòrán ogun Síríà tún ń jáde bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Èké kan ṣoṣo tí olùgbọ́ bá já lọ́wọ́ alálàyé á ba òtítọ́ ogún jẹ́ fún un. Tí kò bá mọ ibi tí àwòrán ti wá, kó má fi ránṣẹ́.

Orúkọ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Hamas kì í ṣe gbogbo ọmọ Palẹ́sítínì. Ẹgbẹ́ Fatah ló ń darí Aláṣẹ Palẹ́sítínì tó wà ní Ramallah, Hamas sì lé e kúrò ní Gaza ní 2007. Lórí ọ̀rọ̀ ìpẹ̀yàrun, kí alálàyé sọ ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tí ẹjọ́ dé. South Africa gbé Ísírẹ́lì lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ fún Ísírẹ́lì ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé kó dènà irú ìwà bẹ́ẹ̀, ó kù kó dá ẹjọ́ gan-an. Ìgbìmọ̀ ìwádìí UN kan sọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 pé ìpẹ̀yàrun ni, Ísírẹ́lì sì ní irọ́ ni. Ilé-ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé, tó yàtọ̀ sí ìyẹn, ní kí wọ́n mú Netanyahu tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì àti olórí ológun Hamas kan. Ẹni tó bá to èyí kalẹ̀ báyìí ò nílò kó pariwo.

Níbi tí Nàìjíríà dúró

Olùgbọ́ á béèrè ohun tó kan Nàìjíríà níbẹ̀. Ní 1973, Nàìjíríà bá Ísírẹ́lì já àjọṣe; ó dá a padà ní 1992. Ní 1988, lẹ́yìn tí Arafat kéde òmìnira Palẹ́sítínì ní Algiers, Nàìjíríà gbà á ní orílẹ̀-èdè, Palẹ́sítínì sì ní ilé aṣojú ní Abuja lónìí, bí Ísírẹ́lì náà ṣe ní. Ní Riyadh, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu tún sọ pé orílẹ̀-èdè méjì tó ń gbé pa pọ̀ ni Nàìjíríà ń fẹ́. Kristẹni àti Mùsùlùmí ti jẹ ààrẹ láàárín àwọn ọdún yẹn, ìlànà yìí ò sì yí padà.

Kí alálàyé fi ìdajì àkókò tí wọ́n bá fún un sílẹ̀ fún ìbéèrè, nítorí èyí tó le jù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀: ṣebí Ísírẹ́lì kúrò ní Gaza ní 2005, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi san án fún un? Bẹ́ẹ̀ ni, ó kó nǹkan bíi 8,000 ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ń wá láti ibẹ̀. Òfuurufú, etí òkun àti ọ̀pọ̀ ẹnubodè ò kúrò lọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Ẹnubodè Rafah wà lọ́wọ́ Íjíbítì nígbà náà. Lẹ́yìn 2007, àwọn méjèèjì dènà ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, apẹja Gaza ò sì lè tu ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ibi tí ọkọ̀ ogun Ísírẹ́lì bá pààlà sí. Bí olùgbọ́ bá tún ní kí ni Ísírẹ́lì ì bá ti ṣe sí àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ìbéèrè gidi ló béèrè yẹn, ó sì yẹ kí alálàyé jókòó tì í.